Kíjìpá tí Ìyáalé Mi Hun Sílẹ̀ De Ikú

Ìwé mi ò pọ̀, n kò sì mọ ìtàn-án hun. Ohun tí mo fojú ara mi rí lójú ọjọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni fún mi.

Ìyáalé mi ní Ọ̀yọ́ fọwọ́ ara wọn hun kíjìpá kan, aṣọ òwú tó nípọn, wọ́n sì fi aró rẹ ẹ́. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, aṣọ yìí ni kí ẹ fi dì mí."

Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá."

Èmi náà ni mo di òkú wọn. Mo wo aṣọ yẹn, mo ní kí ló dé tí ilẹ̀ yóò fi jẹ irú èyí? Mo fi àǹkárá rọ́pò rẹ̀, mo sì fi kíjìpá náà pamọ́. Ẹnì kankan ò mọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ wọn, tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ládùúgbò ń múra eré ìbànújẹ́ sílẹ̀, eré obìnrin ìkà kan tó jẹ́wọ́ kó tó kú. Wọ́n ń wá aṣọ àtijọ́. Mo yá wọn ní kíjìpá yẹn, mo sì tẹ̀ lé e lọ, kí wọ́n má baà fà á ya.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán eré náà wò. Ọmọbìnrin tó wọ̀ ọ́ kúnlẹ̀: "Ẹ forí jì mí kí n tó lọ."

Ọ̀gá wọn ní, "Sunkún jàre. O dà bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ létí mi: "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?"

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò lè ṣi ohùn yẹn mọ̀. Mo yíjú. Ìyáalé mi ló jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, nínú àǹkárá tí mo fi sin wọ́n. Etí aṣọ náà ti jẹrà. Aró ṣì wà ní èékánná wọn.

Wọ́n rọra ní, "Òtútù ń mú mi."

Wọ́n nawọ́ sí ọmọ tó kúnlẹ̀. "Ìyẹn ti bẹ̀bẹ̀."

Kí n tó ṣẹ́jú, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Erùpẹ̀ pupa tútù ló kù níbi tí wọ́n jókòó sí.

Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ká aṣọ wá fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé o. Màmá tó jókòó tì yín dà? Àwọn ni mo tẹjú mọ́ tí ẹkún fi wá."

Ilẹ̀ mọ́, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo kúnlẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo fọwọ́ mi wẹ̀ ní kékeré. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó bi mí léèrè:

"Àǹkárá yẹn, ṣé ó tilẹ̀ nípọn?"

Mo ní, "Rárá."

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju èébú lọ.

A gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ níbi orí sàréè wọn lẹ́yìnkùlé, a tẹ́ aṣọ náà sí i, a bò ó. Nígbà tí mo ń lọ, Àbẹ̀kẹ́ ò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Bóyá Ìyá ti forí jì mí, n kò mọ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn: "Ìyàwó." Wọn kì í sọ ìyókù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aṣọ di òkú, ohun tí ẹni náà bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹ má sọ pé ilẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́. Ilẹ̀ kọ́ lẹ ṣèlérí fún.