Bọ̀ọ̀dá Mi Ń Ta Tíì ní Cusco

Ẹ jẹ́ ká ti ibi kan mú un: n kò mutí, n kò sùn, ibà kò sì ṣe mí. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó kọ́kọ́ ka èyí tán ná. Gbogbo àwọn tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi, ọmọ ìyá mi. Blackley, ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton nítòsí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó lẹ àwòrán Cusco mọ́ ara fíríìjì rẹ̀, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè gíga ní Peru. Ó ní àwa méjèèjì la máa gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ká sinmi ní ìlú náà, ká wá gun òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń bẹ̀rù òkè!" ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí Olúmọ máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín ni?"

Kò gun òkè kankan. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lẹ́nu iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kó jókòó díẹ̀, kó wá kó ẹrù tó kù tán. Mo tún un sọ o: kó kó ẹrù tó kù tán. Ìdí ẹrù yẹn ló ṣubú sí. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ náà, èsì wọn ni pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn gan-an. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Itẹ́ òkú Gorton ní Manchester la sin ín sí. Èmi ni mo kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìyàwó pásítọ̀ wa ló ní kí n má pa ìrìn àjò náà tì. "Sísítà, ẹ bá a rìn ín parí. Ọkàn yín á balẹ̀." Ire ló fẹ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà ni wọ́n ti ní ká gbàgbé ohun tí ìyá wa àgbà máa ń sọ ní Abẹ́òkúta: pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tí ikú mú un, lè lọ di àkúdàáyà. Á lọ tẹ̀dó sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á ṣiṣẹ́, á láya. Tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá kí i níbẹ̀, ó parí. Á fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Mo sì gbàgbé ẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe.

Mo lọ. Ilé iṣẹ́ ìrìn àjò tó kó èmi àtàwọn mìíràn lọ ṣèlérí pé a ó sinmi dáadáa ní Cusco kí ara wa lè mọ́ ibi gíga. Ọ̀sán kan péré ni wọ́n fún wa. Èyí náà wà lára ẹjọ́ mi.

Mo ń gun ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri òkúta tí àwọn ará àtijọ́ tò láìlo sìmẹ́ńtì. Báàgì Bọ̀ọ̀dá ló wà lẹ́yìn mi. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, mo máa dúró mí.

Níbi tí ọ̀nà náà ti yà, ọkùnrin kan ń ta tíì. Àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, èjìká ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ti òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Fìlà onírun àgùntàn bíi tàwọn ará ibẹ̀ ló dé. Ó ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn kó lè tutù, ó ń gbọ́wọ́ sókè, kò sì dà sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní ìdí sínkì ní Blackley. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú, níbi tí àpótí ti tẹ̀ ẹ́ ní Bolton.

Obìnrin kan jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gé búrẹ́dì, ó sì ń bá a wí bí ìyàwó ṣe ń bá ọkọ wí. Bọ̀ọ̀dá ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tó lò ní Manchester, n kò rí ẹ̀rín yẹn rí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà padà sí mi lórí. Má pè é. Má kí i. Kó lè máa bá ayé rẹ̀ lọ níbí. Mo ní màá ra tíì, màá wò ó dáadáa, màá lọ.

Ó kàn mí. Ó na ife sí mi láìgbójú sókè.

Mo kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ nàró gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹnu mi kò kí i. Orúnkún mi ló kí i.

Ó wò mí. Omi kún ojú rẹ̀.

"Àbúrò," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "o ò bá ti nàró."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú."

"Ibí ti mọ́ mi lára."

Ó rọra gbé kẹ́tùrù sílẹ̀. Ó fa kóòtù rẹ̀ bo ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì yà sí ọwọ́ ọ̀tún.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ògiri ni. Ife tíì ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi.

Obìnrin náà dé, ó ń pe orúkọ kan tí n kò mọ̀, ó ń fọwọ́ pa òkúta náà kiri. Ó bi mí ní nǹkan. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ohun tó ń bèèrè kò fẹ́ ògbifọ̀.

Ọmọkùnrin tó ń ṣamọ̀nà wa láti Manchester ní, "Òkè gíga yìí ló ń ṣe yín." Iṣẹ́ apòògùn ni mo kà ní yunifásítì, mo mọ ohun tí òkè gíga ń ṣe fún èèyàn. Ó ń fa ẹ̀fọ́rí, ó ń fa èébì. Kì í se tíì fún gbogbo àdúgbò.

N kò gun òkè náà. Mo padà sílé.

Ní báyìí, tí mo bá rí èjìká tó lọ sílẹ̀ ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní Hyde Road ní Manchester, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, màmá àgbà kan dá mi dúró. "Ìwọ tí orúnkún rẹ máa ń kanlẹ̀ fún wa, o ti wá di òyìnbó?"

"Ẹ má bínú, mà. Orúnkún ló ń dùn mí."

N kò mọ ìlú tí Bọ̀ọ̀dá tún ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ sí. N kò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn ṣì ń pa ògiri kiri.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí èèyàn yín tó ti kú ní ìlú òkèèrè, tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàfojúdi sí i. Ẹ nàró gba tíì náà. Ẹ mu ún. Ẹ máa lọ.