Ẹ̀wù Kòmàǹdáà Tí Kò Rùn

Òórùn òógùn Òyìnbó ni ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìjọba Faransé. Láàárọ̀, ìyá mi á tú ìdì aṣọ Kòmàǹdáà sílẹ̀ létí ọ̀sà, òórùn náà á sì yọ: òógùn kíkan, tábà, àti oògùn ibà tó korò dénú imú. Ẹ̀fín ẹja tí ìyá mi ń yan tẹ́lẹ̀ ti ba imú rẹ̀ jẹ́, nítorí náà èmi ni mò ń gbóòórùn aṣọ fún un, kó lè mọ èyí tí yóò sè kó tó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Àjàṣẹ́ mọ Kòmàǹdáà yẹn, Òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso ìlú wa. Gẹ̀ẹ́sì wà lápá kan, Dàhòmì wà lápá kejì, òun sì jókòó sáàárín pẹ̀lú sójà díẹ̀ àti àsíá kan. Ìlú òpin ayé ni wọ́n rán an wá lójú tirẹ̀. Lójú tiwa, ilé wa ni.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí ó ti bàbá mi mọ́lé. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni bàbá mi. Wọ́n mú un lọ́nà Kraké, lẹ́bàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ó kó ẹrù kọjá ààlà, ààlà tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú nínú àtìmọ́lé. Kòmàǹdáà nìkan ló lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, nítorí náà ìyá mi kì í lọ kó aṣọ kó má bẹ ògbufọ̀ rẹ̀, ọmọ ìlú wa kan tó ń wọ bàtà.

Èsì kan náà ni: "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣe sùúrù. Ara ọ̀gá ò yá díẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀wù sí imú, n kò gbọ́ òórùn kankan àfi ti ọṣẹ tiwa. Iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀wù náà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi nu ilẹ̀, ṣùgbọ́n abíyá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀wù mẹ́fà, bákan náà ni gbogbo wọn.

"Ìyá, kò sẹ́ni tó wọ èyí."

Ó fi ọwọ́ tútù gbá mi lẹ́nu. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ojoojúmọ́ ló ń pa á fún mi. Síbẹ̀ ó gbé ẹ̀wù náà sí imú ara rẹ̀, ó sì yẹ abíyá rẹ̀ wò fínnífínní.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fa àsíá sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kéde lọ́jà pé Kòmàǹdáà ní báyìí, Kòmàǹdáà ní báyẹn. Wọ́n ń gbé oúnjẹ gòkè lọ sí yàrá rẹ̀, wọ́n ń gbé àwo òfìfo sọ̀kalẹ̀. Fèrèsé òkè kò ṣí. Ẹ̀rù fèrèsé yẹn bà mí débi pé ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Nígbà kẹta tí aṣọ mímọ́ dé, ìyá mi tún bẹ̀bẹ̀. Ògbufọ̀ ní, "Ọ̀gá ní òun á rò ó wò."

N kò lè pa á mọ́nú. "Ẹni tí kì í làágùn, ṣé ó ń ronú?"

Ògbufọ̀ yára wẹ̀yìn wò. Ìyá mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ má bínú, ọmọdé ni." Lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Aṣọ la wá kó. A ò rí nǹkan kan."

Ògbufọ̀ gòkè. A gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí wa, a gbọ́ ìró àga tí wọ́n wọ́ nílẹ̀, a kò gbọ́ ohùn. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. "Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i." Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi ti wà nílé wa ní àdúgbò Dowa.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkọ̀ gbé Kòmàǹdáà tuntun dé. Ọjọ́ náà ni wọ́n kéde pé èyí àkọ́kọ́ kú lánàá. Wọ́n ti fi ikú rẹ̀ pamọ́ tipẹ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá gbọ́, wọn yóò kọjá ààlà wọlé.

Mo ti darúgbó báyìí, èmi ni mò ń fọ aṣọ tí ìyá mi ń fọ̀ nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tú ìdì aṣọ Kòmàǹdáà ìsinsìnyí, n kò gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tí mo dá aṣọ padà, obìnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó pọn ọmọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ògbufọ̀ tòní ní ara ọ̀gá ò yá díẹ̀. Obìnrin náà wò mí.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ì bá ti sọ̀rọ̀. Èmi gba ìdì aṣọ mìíràn, mo dágbére fún wọn, mo sì gba etí ọ̀sà lọ, mo lọ fọ ohun tó ti mọ́.