Ọjọ́ Tí Mo Sá Dísíkẹ́ẹ̀tì Sóòrùn

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí lọ́dún tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́, obìnrin tí èmi fúnra mi kọ́ ní ABD. N kò ní in sínú. Ìtọ́jú ló fà á. Mo tọ́jú nǹkan títí ó fi bàjẹ́.

Ìnísà ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ìpínlẹ̀ wa kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ méjìlá ló wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, ìwé gbàǹgbà ẹlẹ́yìn líle tí a ń kọ orúkọ ọmọ sí lọ́jọ́ tó bá wọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ òbí rẹ̀ àti ọdún tó jáde. Mo bá àṣà kan níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kí a tó gba ìsinmi Kérésì, a ó kó gbogbo ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù síta, a ó sá wọn sórí páànù lẹ́yìn ọ́fíìsì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ pé, "Ìwé tí kò bá róòrùn, kòkòrò ni yóò kà á." Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n oòrùn kò dí ikán lọ́wọ́. Nígbà òjò ọdún kan, ikán gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orúkọ àwọn ọmọ wa. Ọ̀gá àgbà wa, màmá kan tí kì í pariwo, wo ìwé náà, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n máa kó wọn lọ sí Ìkìrun díẹ̀díẹ̀, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, kó bá wa kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí ikán tó parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí mo ṣe di èrò bọ́ọ̀sì Ìkìrun ní gbogbo Sátidé nìyẹn, ìwé méjì tàbí mẹ́ta nínú àpò. Èmi a máa pe orúkọ, oníkọ̀ǹpútà a máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti tẹ bíi mẹ́wàá, yóò dúró, yóò tún tẹ nǹkan kan lọ́tọ̀.

"Kí lò ń tẹ̀ yẹn?"

"Mò ń séèfù ni, sà. Bí wọ́n bá múná lọ tí n ò tíì séèfù, yóò gbàgbé gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀rọ tó tóbi báyìí, ó ń gbàgbé?"

"Ó ń gbàgbé ju ọmọ kíláàsì yín lọ, sà. Ọmọ tiyín, ẹ ṣáà lè nà án."

Bí a bá parí ìwé kan, yóò kó o kúrò nínú ẹ̀rọ, nítorí àyè ibẹ̀ kò tó, sórí dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ohun dúdú pẹlẹbẹ tó lè wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Èmi a sì fi báírò kọ nọ́ńbà ìwé náà sí i lára. "Ẹ má jẹ́ kómi kàn án o, sà," ló máa ń kì mí nílọ̀. "Kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá." Mo di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin.

Ó tún ń ṣe ẹ̀dà kejì fún ìkọ̀ọ̀kan. Mo ní kí la fẹ́ fi méjì ṣe, nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù wa ní kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán wọ̀ yẹn, sà?"

Ọ̀gá wa náà gbè é lẹ́yìn: ẹ̀dà kejì yóò máa lọ sí Òkukù, sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Nítorí náà, bí a bá jáde ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, mo tún ń wọkọ̀ lọ sí Òkukù. Akọ̀wé ibẹ̀, ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, a ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó wọlé.

"Tíṣà, ẹ tún ti kó kásẹ́ẹ̀tì dé! Ọjọ́ wo lẹ máa gbé rédíò rẹ̀ wá ká jọ jó?"

"Dísíkẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì."

"Kò burú. Ẹ kó dísíkẹ́ẹ̀tì ijó yín síbí." Yóò sì kó wọn sínú agolo bisikíìtì kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀.

Nígbà tó ku ìwé mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó ti rẹ̀ mí. Mo fi ẹ̀dà ti Òkukù sínú báàgì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Láràárọ̀ ni ọ̀gá wa ń béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Tíṣà, ti Òkukù ńkọ́?" Ìtìjú ló gbé mi lọ níkẹyìn.

Lẹ́yìn èyí ni mo ní kí a dáná sun àwọn ìwé tí ikán ti jẹ jù, kó má bàa ran àwọn yòókù. Ọ̀gá wa ń ṣiyèméjì. "Mà, wọ́n ti wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì," ni mo wí, "kí lẹ tún ń bẹ̀rù?" Wọ́n gbà. Ìwé kọkànlá wà lára àwọn tí mo fi ọwọ́ mi sun.

Ọyẹ́ dé. Mo kó ìwé síta bí ìṣe wa. Mo rántí ìkìlọ̀ nípa ọ̀rinrin, mo sì to dísíkẹ́ẹ̀tì méjèèjìlá sórí páànù, láti orí kìíní dé orí ìkejìlá, wọ́n gún régé bí ọmọ tó tò fún ìsìn àárọ̀. Inú mi dùn sí wọn. Nígbà tí mo ń kó wọn wọlé, wọ́n gbóná lọ́wọ́ mi bí àkàrà.

Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí obìnrin tí mo kọ́ ní ABD náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọṣẹ ló ń tà lọ́jà Ìkìrun. Ó fẹ́ gba iṣẹ́ ní ibùdó ìlera, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti bá ìjì lọ lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé wọn.

"Wọ́n ní kí n gba ìwé wá láti ilé ìwé mi, kí nọ́ńbà mi wà níbẹ̀, sà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn. Bí èyí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọjọ́ orí mi ò ní gbà mí láyè mọ́."

Ìwé kọkànlá ni orúkọ rẹ̀ wà. Mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí mi kì í ṣe nọ́ńbà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí Ìkìrun. Oníkọ̀ǹpútà ti dísíkẹ́ẹ̀tì kọkànlá bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń ha gàrà-gàrà, kò ka nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó gbé e sókè sí iná.

"Sà, ó ti tẹ̀. Kí lẹ fi ṣe?"

"Mo sá a ni."

"Ẹ kí ni?"

"Mo sá a sóòrùn. Ìwọ lo ní kò fẹ́ ọ̀rinrin."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń fi gèlè nu ojú ló tó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó dán àwọn yòókù tí mo mú wá wò. Kò sí ọ̀kan tó là á já. Ó wá rọra béèrè pé, "Ìkejì ńkọ́, sà?"

Lọ́jọ́bọ̀, a dé Òkukù. Agolo kò sí lábẹ́ tábìlì. Akọ̀wé ní ká má sáré, ó na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀pà yíyan ló kún un dé ẹnu.

"Kásẹ́ẹ̀tì yín ń bẹ nísàlẹ̀. Mo fi ọ̀rá wé wọn. Ẹ̀pà ló ń bá yín ṣọ́ wọn."

N kò tún un ṣe fún un lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì.

Nínú bọ́ọ̀sì padà sí Ìkìrun, obìnrin náà fi ìborùn rẹ̀ bo dísíkẹ́ẹ̀tì kọkànlá, kó má bàa rí oòrùn. Ẹ̀rọ kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, àti ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ìparí ìlà: "Ó máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n kì í pa irọ́."

"Sà, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí!" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé e dé ibi tó yẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì gba iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, mo lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ibùdó ìlera, mo bá a nínú aṣọ iṣẹ́. Ó fa àga fún mi. "Sà, ẹ jókòó síbi òjìji yìí, kí oòrùn má bàa tẹ̀ yín."

Lónìí, àwọn ọmọ mi ń kó fọ́tò àti ìwé wa ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kíláòdù. Mo ń bá wọn yọ̀. Ìbéèrè ọ̀gá wa náà ni mo sì ń bi wọ́n láràárọ̀: ti Òkukù ńkọ́? Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sun ti àtijọ́ kí ẹ tó ṣí ti tuntun wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ibì kan ṣoṣo máa tọ́jú ohun tí ẹlòmíràn yóò wá béèrè lọ́wọ́ yín lọ́la.