Ìyá Onítìmùtìmù Nídìí Bẹ́ẹ̀dì Ọkọ Ẹ̀

Ìkà kẹ̀? Rárá o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ọwọ́ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ ló kó bá Ìyá Onítìmùtìmù. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń rán tìmùtìmù. Tó bá wọlé ẹ, kó tó kí ẹ tán, á ti gbọn ìrọ̀rí ẹ, á ti yí i padà.

Ọkọ ẹ̀, tó ń kun ilé, ló já bọ́ látorí àkàbà. Kò lajú, kò sọ̀rọ̀. Ní ọsíbítù, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀rọ ń bá a mí: fìì, fáà, fìì, fáà. Ìyá ò lè jókòó. Á to bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á tún un tò. Ohun tó wá ń bí i nínú jù ni pé wọ́n gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè.

"Ta ló ń sùn báyìí? Àfi ẹni tó ń dúró de ọkọ̀!"

Bí nọ́ọ̀sì bá ti yíjú, á yí irin ìdí bẹ́ẹ̀dì, á tẹ́ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀sì á dé, á gbé e sókè.

"Mọ́mì, ẹ má ṣe é mọ́ o!"

"Mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Irọ́ ni.

Àfi bí ara bàbá ṣe gbóná janjan. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń fà jáde ki, ó tún ń rùn. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti wú, pé ó sábà máa ń ṣe àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ẹni tí rọ́bà wà lọ́fun ẹ̀ ò lè wúkọ́ dáadáa. Tó bá wá sùn pẹrẹsẹ, itọ́ àti oje ikùn á máa ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

"Dókítà, èmi ni mò ń tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ṣé mo ti pa á ni?"

"A ò lè sọ pé ìyẹn ló fà á, Mọ́mì. Ẹ ṣáà fi bẹ́ẹ̀dì yẹn sílẹ̀."

Wọ́n fún bàbá ní oògùn mìíràn. Ìyá ń lọ, ìyá ń bọ̀, ó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọkọ ẹ̀ ṣáá. Nígbà tó yá, ooru ara náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tó bá di ọ̀la, àwọn á dín ẹ̀rọ kù, káwọn wò ó bóyá á lè dá mí.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì."

Ó jókòó. Ó dìde. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó yọ wọ́n.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ dáadáa, bá mi wá nǹkan tọ́wọ́ yìí á máa ṣe. Tó bá wà lásán, ìdí irin yẹn ló ń sáré lọ."