Aṣọ Dúdú Tó Pọ́n Nínú Fọ́tò

Obìnrin ayàwòrán tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fọ́tò kì í bá oníbàárà jiyàn. Bí ẹnì kan bá ní fọ́tò òun kò dára, á wo fọ́tò, á wo ẹni náà, á ní, "Kámẹ́rà kì í parọ́." Ó pa èmi náà lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ní imú mi kò tóbi tó báyẹn.

Nígbà tí kámẹ́rà rẹ̀ kú, ó ra àlòkù kan tó mọ́ tónítóní. Níbi ìsìnkú awakọ̀ kan tó sùn tí kò jí ló ti kọ́kọ́ fi yàwòrán. Gílóòbù àtijọ́ ni wọ́n tàn sínú gbọ̀ngàn náà, irú èyí tó ń gbóná débi pé èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dúdú ni gbogbo èèyàn wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò jáde, aṣọ opó nìkan pọ́n rúsúrúsú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ń gbé fọ́tò náà kiri láti ilé dé ilé. "Ẹ wo ohun tí ìyàwó ọmọ mi wọ̀ sin ín. Pupa! Bí ẹni ń lọ síbi ijó." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Àwọn ẹbí ọkọ ò dá opó lóhùn mọ́. Ilé kan náà lòun àti ìyá ọkọ ń gbé, ìyá sì ti ń di ẹrù opó kó lè lé e jáde.

Opó gbé aṣọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lẹ rí yìí?"

"Dúdú ni."

"Kí ló wá dé tí kámẹ́rà yín fi ní pupa ni?"

Ìyá Fọ́tò gba aṣọ náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ló kọ́kọ́ dá. Ó fi kọ̀ǹpútà fa pupa kúrò nínú fọ́tò. Aṣọ dúdú lóòótọ́, àmọ́ ojú gbogbo èèyàn di àwọ̀ ewé. Ẹni tó bá rí i á rò pé òkú inú pósí nìkan ni ara rẹ̀ le. Ó pa á rẹ́, ó sì pe ọkùnrin tó ta kámẹ́rà fún un.

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kọjú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú lásán kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nínú kámẹ́rà, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú. Ọkùnrin náà là á yé e pé kámẹ́rà yìí ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ò rí. Gílóòbù gbígbóná ń tú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Aṣọ opó, tí kì í ṣe aṣọ òwú bíi ti àwọn tó kù, ń ta á padà. Kámẹ́rà sì ń kà á sí pupa. Gíláàsì kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ojú kámẹ́rà láti dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà. Ó wá a rà.

Ó ní kí n bá òun gbé gílóòbù lọ sílé opó, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mò ń sọ yìí. Ìyá ọkọ jókòó lórí ẹrù dídì. Ìyá Fọ́tò kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Kámẹ́rà mi ló parọ́."

Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì ṣe mí láàánú. Ó tan gílóòbù, ó yàwòrán aṣọ náà láìdé gíláàsì: pupa. Ó dé gíláàsì, ó yà á: dúdú. Ó gbé méjèèjì síwájú ìyá.

Ìyá náà kò wò wọ́n. "Ṣé mo fọ́jú ni? Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Èjìká ẹ̀ ni mo gbórí lé sunkún. Mo mọ̀ pé dúdú ni."

Opó ní, "Màmá, kí ni mo wá ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi sùn, kò jí, n ò sì rí ẹni bá jà."