Ìbákà Tí Wọ́n Fi Òwú Dè ní Kúmásì

Aago mẹ́rin ìdájí kò tí ì lù tí mo ti wà ní ìdíkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi àti báàgì kan, àti ike òrí tí ìyá mi dì fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràímì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló já lu Bọ̀dá lẹ́sẹ̀ ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kúmásì, níbi tó ti ń ta páàtì ọkọ̀. Ìyá ní kí n lọ ra ẹyẹ ààyè kan, kí n fi ọwọ́ ara mi tú u sílẹ̀ ní sàráà, kí ó gbé ìrora ọmọ òun fò lọ. Kúmásì náà ni Ìyá ti kọ́ àṣà yìí, nígbà tí òun àti bàbá wa ń gbé ibẹ̀, kí ìjọba Gánà tó lé àwọn àjèjì. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé wa, Ìyá á fi owó ẹyẹ ránṣẹ́ sí Bọ̀dá. Télọ̀ ni mí, ohun tí mo bá fi ìka kàn ni mo máa ń gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá mi jiyàn?

Ọ̀nà Èkó sí Kútọnu kò burú, àwọn tó dúró sójú ọ̀nà ló burú. Ní gbogbo ibodè ni wọ́n ti tú báàgì mi. Ọ̀gá kan tilẹ̀ ti ìka bọ òrí Ìyá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bi mí bóyá oògùn ni. Mo ní kó lá a wò. A sun Àkírà, ní ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Kúmásì, ojú ọ̀nà náà sì rí kòtò-gegele débi pé eyín mi ń lura wọn. Dɔkono ni mo jẹ lójú ọ̀nà, ẹyọ kan ní ọgọ́rùn-ún sidi pẹ̀lú ata àti ẹja díndín. Àgbàdo náà ni wọ́n fi ń ṣe é bí ẹ̀kọ wa, àmọ́ ó kan jù ú lọ, ó sì ń dúró pẹ́ nínú ikùn.

Nígbà tí mo dé ilé Bọ̀dá ní àdúgbò Dichemso ní Kúmásì, ìyàwó rẹ̀, Sàlámátù, tí wọ́n bí sí Kúmásì, gbé omi fún mi. Ó dúró kí n mu ún tán kí ó tó béèrè amanneɛ, ìyẹn ni pé kí n ro ohun tí mo bá wá. Nílé wa, a ó ti bi àlejò tán kí ife tó dé ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ràn ti wọn. Bọ̀dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì funfun dì í lẹ́sẹ̀ dé itan.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Race Course, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹyẹ nínú àgò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹlẹ́yẹ náà, Kúmásì ni bàbá rẹ̀ bí i sí. Mo mú ìbákà kan, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, irinwó sidi. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni àwọn oníbàárà ti máa ń tú u sílẹ̀, mo sì lọ síbẹ̀, mo dárúkọ Bọ̀dá, mo la ọwọ́ mi. Ẹyẹ náà fò tó ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó sì já lulẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà. Ẹlẹ́yẹ ti ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ láti fi bò ó, kò tilẹ̀ yára. Àìyára rẹ̀ yẹn ló ta mí lólobó. Mo sáré mú ẹyẹ náà kí ó tó débẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ, ìka mi mọ òwú. Lábẹ́ ìyẹ́, níbi tí ojú kò lè rí, wọ́n ti fi òwú dúdú de apá rẹ̀ kan, ó sì ti wọ inú ẹran.

"Àǹtí, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi," ni ẹlẹ́yẹ wí. "Ẹ ti tú u sílẹ̀. Sàráà yín ti gbà."

"Ìwọ lo fi òwú de apá rẹ̀?"

"Bí n kò bá dè é, ojoojúmọ́ ni màá máa lọ sígbó lọ mú òmíràn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti ta ẹyẹ kan yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹni tó bá rà á ló ni láádá tirẹ̀. Ẹyẹ ò mọ̀."

Mo bú u. Mo bú u títí àwọn tó ń ta bàtà fi dìde wá wò wá. Mo ní olè tó ń já báàgì gbà sàn jù ú lọ, torí ìyẹn kì í ní kí èèyàn ṣàmín kí ó tó jà á lólè. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ ìlú mi ni. Mo fi ìborùn wé ẹyẹ náà, mo sì gbé e lọ.

Nílé, mo fi àlùmọ́gàjí kékeré tí mo fi ń tú ojú rírán gé òwú náà díẹ̀díẹ̀. Sàlámátù ló bá mi di ẹyẹ mú, ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú.

"Àǹtí, ɛyɛ anomaa kɛkɛ," ni ó wí. Ẹyẹ lásán ni, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Bọ̀dá sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Gyae, Ràbí, fi sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Níyà, èrò ọkàn ẹni, ni Ọlọ́run ń wò."

"Ẹ mọ̀, Bọ̀dá? Ẹ mọ̀, ẹ sì ń fi owó Ìyá rà á?"

"Kí ni kí n sọ fún un? Pé ẹyẹ ò fò? Ṣé kí ó máa sunkún ni?"

Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń gé òwú mi lọ. Inú tó bí mi sí ẹlẹ́yẹ kò tó ìdajì èyí.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́ lò, mo lo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mo lu páálí mílíìkì níhò, mo tẹ́ àkísà sí i. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mo ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu egbò náà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kò jẹun, mo sì ti rò pé yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Sàlámátù ni ó gbé jéró wá lọ́jọ́ kẹta, ẹyẹ sì jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó kọrin. Bọ̀dá ní kí wọ́n gbé páálí náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Mo gbé e síbẹ̀, àmọ́ n kò tí ì dárí jì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo la páálí náà sí àárín àgbàlá. Bọ̀dá fi ọ̀pá méjì ti ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìbákà náà dúró sí etí páálí, ó na apá, ó sì lọ, ó kọjá òrùlé, ó kọjá igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé. A ń retí kí ó já bọ́. Kò já bọ́.

Bọ̀dá ní, "Èyí tó kọ́kọ́ fò nìyẹn."

Gbogbo ọ̀nà Àkírà sí Lómè ni gbólóhùn yẹn fi ń dún létí mi. Bí ìrìn àjò yìí bá kọ́ mi ní nǹkan kan, òun ni pé ẹni tó bá ṣe rere, kí ó dúró wo ibi tí rere náà bà sí. Rírán tí a rán lọ kò tó.

Ọ̀sán ni mo wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá kò jẹ́ kí n jókòó.

"Ṣé ó fò?"

"Ó fò, Ìyá. Ó kọjá igi."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ǹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, èmi kì í sì í ṣe Bọ̀dá. Mo tú etí aṣọ mi, níbi tí mo so òwú dúdú tí mo gé náà sí, mo kó o sí i lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, ó pa ọwọ́ dé mọ́ ọn.

"Èyí tí mo ní kí wọ́n tú sílẹ̀ fún bàbá yín lọ́dún tó kú ńkọ́?"

N kò lè purọ́ fún un, n kò sì lè sọ òótọ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ wẹ̀ ná.