Fésì-mí-àì-fésì-yú

Fésì-mí-àì-fésì-yú ni wọ́n ń pe irú ilé tí mo ń gbé ní Mushin. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: yàrá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàrin, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Mo fura pé ó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan tòun ti pátá nìkan, ó sì bá ará ọ̀ọ́kán rẹ̀ lójúkojú. Aránṣọ tó kọjú sí mi ti máa ń ní “ẹ pẹ̀lẹ́” kí n tó sín.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yaba, sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé fúláàtì là ń gbé. Nígbà tí bàbá ọkùnrin náà ní òun ń bọ̀ wá kí mi, ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Dádì, tí wọ́n bá rí ibí yìí, wọ́n lè ní àwọn ò ṣe mọ́.”

Ìyá rẹ̀ kò sí mọ́. Èmi ni mo lọ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n bá wa ṣe é bíi fúláàtì ẹbí kan.

“Bàbá Ìyàwó, ṣé ọ̀rọ̀ lèyí?” ni aránṣọ wí. “Gbogbo wa la ó di mọ̀lẹ́bí yín.”

Wọ́n kó sítóòfù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àna mi dé nírọ̀lẹ́. Bó ti ń kọjá ni ilẹ̀kùn ń ṣí: “Ẹ káàbọ̀, àna wa!” Aránṣọ ní àbúrò mi lòun. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nílé wa náà ní àbúrò mi lòun, ó sì yíjú, ó fi èdè Ìgbò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Àna mi jókòó díẹ̀, ó ní òun fẹ́ tọ̀. Mo júwe ibẹ̀. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀:

“Àna mi! Gílóòbù mẹ́jọ ló wà lórí mi níbí o! Èwo ni tiyín?”

Nílé wa, olúkúlùkù ló ní gílóòbù tirẹ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń tàn án, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ iná ẹlòmíì. A ò rántí wọn. Ọmọ mi fọwọ́ bojú.

“Ẹ tàn án, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ríran dáadáa! Irú ilé báyìí náà la bí ọkọ ọmọ yín sí. Gílóòbù tèmi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà yẹn.”

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó dìde, aránṣọ ti tan tiẹ̀. Oníbúrẹ́dì tan tiẹ̀. Ni gbogbo ilé bá ń tàn án láti bọ̀wọ̀ fún àna.

“Ó tó o!” ló ń ké. “Ẹ pa díẹ̀ níbẹ̀! Ìtọ̀ ọ̀hún ti sá padà!”